Ariwo Àjèjì Láti Inú Ẹ́ńjìnì

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ ní ojú ìwé yìí kò jẹ mọ́ ọ̀gbìn, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ mọ́ àìsàn ara ènìyàn, ṣùgbọ́n ó kan àpò àgbẹ̀ púpọ̀. Àwọn tí ń kó gààrí, iṣu, ata àti kòkó láti oko lọ sí ọjà nínú yín mọ̀ dájú pé ọkọ̀ akẹ́rù kan lè jẹ èrè ọdún kan tán ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ó sì ti máa ń ṣe é kò ṣòro láti sọ: ariwo kan tí a kò gbọ́ rí yóò bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù yóò ba ẹni tí ó ni ọkọ̀, yóò sáré lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, a ó sì wí fún un pé ẹ́ńjìnì ti bàjẹ́, kí ó lọ mú owó wá.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi tí mo ń kọ̀wé yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ní ìgbà tí a ń kó àgbàdo ìkẹyìn kúrò ní oko, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, bí ẹni tí ń fi òòlù lu ilẹ̀kùn. Mẹkáníìkì kan tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà tẹ́tí sí i fún bí ìṣẹ́jú méjì. Kò fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Ó ní, “Bàbá, kọ́ńrọ́ọ̀dù ni ó ń lù. Ẹ́ńjìnì yìí yóò sọ̀ kalẹ̀ ni. Ẹ lọ wá ₦230,000.” Owó ilé-ìwé ọmọ méjì ni ó wà ní ọwọ́ mi ní ọjọ́ náà, kò sì tó bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n lọ ronú sí i di ọ̀la. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀la náà ni ó bí ẹ̀kọ́ yìí, èmi yóò sì sọ ọ́ nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kò sí ariwo kan nínú ẹ́ńjìnì tí kò ní ìdí, ìdí náà ni ó sì yẹ kí a wá kí a tó wá owó. Àwọn dókítà ti mọ irú ìwákiri yìí tipẹ́. Ní ọdún 1816, ní ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ René Laennec fẹ́ gbọ́ bí ọkàn ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti ń lù. Ó ká bébà bí ọ̀pá, ó fi orí kan lé àyà aláìsàn náà, ó fi orí kejì sí etí ara rẹ̀, ẹnu sì yà á pé òun gbọ́ ọ yékéyéké. Láti inú bébà kíká náà ni ohun èlò tí àwọn dókítà ń fi kọ́ ọrùn lónìí ti wá. Laennec kò la àyà ẹnikẹ́ni kí ó tó mọ ohun tí ń ṣe é. Títú ẹ́ńjìnì palẹ̀ rí bí iṣẹ́ abẹ. Ìgbà tí gbogbo àyẹ̀wò mìíràn bá ti tọ́ka sí i ni à ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ díẹ̀ nínú ohun tí ń lọ nínú irin náà. Irú ẹ́ńjìnì tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ wa ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà tí Nikolaus Otto ará Jámánì fi ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1876. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni: písítìnì yóò fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, yóò fún un pọ̀, iná yóò sọ, èéfín yóò sì jáde. Kí ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí tó pé, kiráńkì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ti yí lẹ́ẹ̀méjì, ṣùgbọ́n ọ̀pá òkè tí ń ṣí fáàfù yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà ní ìdákẹ́jẹ́, tí ó ń yí bí ìgbà 750 ní ìṣẹ́jú kan, kiráńkì ń yí ju ìgbà méjìlá lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan sì ń ṣí bí ìgbà mẹ́fà. A kò lè fi ẹnu kà á, ṣùgbọ́n etí mọ ìyàtọ̀ láàrin èyí tí ó yára àti èyí tí ó fi ìlàjì falẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìlù láti kékeré ní àǹfààní níhìn-ín. Kò sí ẹni tí yóò ṣi gúdúgúdú gbọ́ fún ìyá ìlù, kò sì sí ẹni tí yóò pe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní agogo. Ariwo fáàfù àti tápẹ́ẹ̀tì dà bí gúdúgúdú: ó fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ta tì-tì-tì láti òkè ẹ́ńjìnì. Ariwo kọ́ńrọ́ọ̀dù tàbí bẹ́ríìnì kiráńkì dà bí ìyá ìlù: ó wúwo, láti ìsàlẹ̀ ni ó ti ń wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa mi ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó nínú ọkọ̀. Irin pẹlẹbẹ tí a fi bo sáléńsà kí ooru má baà ràn, bí bóòtù rẹ̀ bá tú, yóò máa ṣe ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́ bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ba ènìyàn lẹ́rù púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wáyà kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè parí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó fi etí sí ohunkóhun, ọ́ìlì ni a ó kọ́kọ́ wò. Ẹ gbé ọkọ̀ sí orí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí ọ́ìlì lè ṣàn padà sí ìsàlẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá géèjì jáde, ẹ fi àkísà mímọ́ nù ún, ẹ tì í bọ inú rẹ̀ padà, kí ẹ sì fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì. Àmì méjì ni ó wà lára rẹ̀, àárín méjèèjì ni ọ́ìlì sì gbọ́dọ̀ wà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, láti àmì ìsàlẹ̀ dé àmì òkè tó bí lítà kan. Bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀ ju àmì ìsàlẹ̀ lọ, ẹ bu irú èyí tí ó yẹ ọkọ̀ náà kún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá àmì òkè, kí ẹ sì tún tẹ́tí. Ariwo tápẹ́ẹ̀tì tí mo ti rí tí ó fi lítà ọ́ìlì kan dákẹ́ kò kéré níye. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá ibi tí ọ́ìlì náà ń gbà lọ, nítorí ọ́ìlì kì í dédé tán.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ́ìlì dúdú kì í ṣe ohun ìjayà. Iṣẹ́ ni ó ti ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá funfun bí tíì tí a da mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀, kí a má sì wa ọkọ̀ náà mọ́ títí a ó fi mọ ibi tí omi gbà wọlé. Bí ẹ bá fi ọ́ìlì pa ìka méjì pọ̀ nínú oòrùn, tí ẹ sì rí ohun kékeré tí ń dán bí erùpẹ̀ idẹ, irin kan ń jẹ irin kejì nínú ẹ́ńjìnì. Ariwo ìyá ìlù pẹ̀lú irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bò mọ́lẹ̀.

Iná pupa kékeré kan sì wà ní iwájú awakọ̀ tí ó ní àwòrán agolo ọ́ìlì. Bí ó bá tàn nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnì ní ibi tí ẹ bá ti lè dúró láìséwu. Ẹ má ṣe sọ pé ìletò tí ó kàn kò jìnnà. Àbúrò mi ọkùnrin kan ń ti Ìsẹ́yìn bọ̀ wá sí Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ẹrù ata. Iná náà tàn, ariwo sì bẹ̀rẹ̀, ó sì pinnu pé òun yóò kọ́kọ́ já ẹrù òun sí ọjà nítorí ata kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò dé ìdajì ọ̀nà tí kọ́ńrọ́ọ̀dù fi já, tí ó sì lu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì jáde. Bí ó bá ti pa á ní ìgbà tí ó gbọ́, ó ṣeé ṣe kí pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì nìkan ni ìbá rà. Ẹ kíyè sí i, nígbà náà, pé èmi kò kọ̀wé yìí láti kọ́ yín ní bí a ti ń yẹra fún mẹkáníìkì. Ariwo kan wà tí ó yẹ kí a náwó sí kíákíá, ìwọ̀nyí sì ni: èyí tí iná ọ́ìlì bá pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí ó wúwo tí ó sì ń burú sí i láti wákàtí dé wákàtí, àti èyí tí ó bá ìgbóná púpọ̀ rìn, nígbà tí géèjì ooru bá ti lọ sí òkè. Ní ti èyí ìkẹyìn, ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná, nítorí omi gbígbóná inú rẹ̀ yóò tú jáde, ó sì lè bó ènìyàn lójú.

Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọ̀nyí, àyè wà láti ṣe ìwádìí. Ìwádìí náà kò ju ìbéèrè bíi mélòó kan lọ, a sì lè ṣe é ní àgbàlá ilé.

Ṣé ẹ́ńjìnì ni ó ń ké, àbí ẹsẹ̀ ọkọ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti san owó ẹ́ńjìnì nítorí bẹ́ríìnì táyà. Ẹ tan ọkọ̀ níbi tí ó dúró sí, kí jíà má sí nínú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ tọ́rọ́tù díẹ̀díẹ̀. Bí ariwo náà bá ké níbẹ̀, tí ó sì ń yára bí ẹ́ńjìnì ti ń yára, inú ẹ́ńjìnì tàbí ohun tí a so mọ́ ọn ni ó wà. Bí ó bá dákẹ́ nígbà ìdúró, tí ó sì ń ké kìkì nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, ẹ fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ lọ́wọ́ kan. Bẹ́ríìnì ẹsẹ̀ ọkọ̀ a máa hó hùn-ùn-ùn, ohùn rẹ̀ a sì máa yí padà bí a bá rọra darí ọkọ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, nítorí pé ẹrù ń wọ́ láti ẹsẹ̀ kan lọ sí èkejì. Èyí tí ń ta tá-tá-tá nígbà tí a bá ń yà ní kọ̀rọ̀, nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà, oríkèé ọ̀pá tí ń yí ẹsẹ̀ iwájú náà ni ó ti jẹ.

Ìgbà wo ni ó ń ké? Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí a kò tíì tan ẹ́ńjìnì rárá. Ariwo tí ó wà ní òtútù tí ó sì ń parẹ́ bí ẹ́ńjìnì ti ń móoru kì í sábà jẹ́ ti ìpayà. Ó lè jẹ́ pé èéfín ń jò láàrin sáléńsà àti ẹ́ńjìnì. Ó ń ta tì-tì bí tápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bí irin ti ń gbóná tí ó sì ń wú, àlàfo náà ń dí. Ó sì lè jẹ́ pé písítìnì ti ní àyè díẹ̀ nínú ilé rẹ̀, tí ó ń gbá ara ògiri títí yóò fi gbóná tí yóò sì kún àyè rẹ̀. Ọkọ̀ lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dákẹ́ ní àárọ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná dáadáa, ẹ ṣọ́ ọ, nítorí ooru ń mú kí ọ́ìlì ṣàn bí omi, bẹ́ríìnì tí ó ti jẹ yóò sì wá fi ara hàn. Èyí tí ó ń hó ṣàráà fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀, tí ó sì dákẹ́, lè jẹ́ ti ṣéènì tí ń yí ọ̀pá fáàfù. Ẹ má ṣe fi í ṣeré: nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, bí ṣéènì tàbí bẹ́líìtì yẹn bá já, písítìnì yóò kọ lu fáàfù, ìnáwó náà a sì di ńlá.

Ṣé ó ń burú sí i nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù? Bí ó bá dà bí òkúta wẹ́wẹ́ tí a dà sínú agolo tí a sì ń mì, iná ni ó ń sọ nínú ẹ́ńjìnì ní ìgbà tí kò yẹ kí ó sọ. Epo bẹntiróòlù tí kò dára lè fà á, ìgbóná jù lè fà á, èédú tí ó lẹ̀ mọ́ orí písítìnì pẹ̀lú. Ẹ yí ilé epo padà ná kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ohunkóhun. Níwọ̀n bí a sì ti dárúkọ epo, ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, tí ìjọba ní kí a kó o kúrò ní ọjà, tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì ké pé ọkọ̀ àwọn bàjẹ́. Ẹni tí ó ti kọ ọjọ́ àti ibi tí ó ra epo sínú ìwé kékeré ní ohun tí yóò sọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Èmi a máa kọ ọ́.

Kí ni ó ń ṣe bí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì? Èyí kan àwọn ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí jíà. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnì sì ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì wálẹ̀ pátápátá. Bí ariwo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, bẹ́ríìnì kílọ́ọ̀ṣì ni. Bí ó bá dákẹ́ nígbà náà, inú àpótí jíà ni kí a wò. Ẹ wo bí ìdánwò tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ ti lè ya ẹ́ńjìnì sọ́tọ̀ kúrò nínú ẹjọ́ náà.

Ariwo tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni ti bẹ́líìtì iwájú àti àwọn ohun tí ó ń yí: pọ́ọ̀ǹpù omi, ọ́tánétọ̀ tí ń fi iná sínú bátìrì, àti àwọn púlì. Bí ó bá ń ké fíín-fíín bí eku, ẹ fi omi díẹ̀ wọ́n ojú bẹ́líìtì tí ó ní ilà nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́, kí ẹ dúró jìnnà tó apá kan. Bí igbe náà bá dákẹ́ díẹ̀ tí ó sì padà wá, púlì kan kò tọ́ sí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí ó bá pariwo sí i, bẹ́líìtì náà ti dẹ̀, ó ń yọ̀. Bí ó bá jẹ́ híhó tàbí kíkùn ni, bẹ́ríìnì ọ̀kan nínú àwọn ohun wọ̀nyí ni ó ti gbẹ, ibẹ̀ ni ọgbọ́n Laennec sì ti wúlò. Ẹ wá rọ́bà omi tí kò ju ìka lọ ní nínípọn, tí ó gùn tó ìwọ̀n apá. Ẹ fi orí kan sí etí, kí ẹ máa fi orí kejì wá kiri, ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ohun kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó gbọ́ pé ibì kan pariwo ju gbogbo ibi yòókù lọ. Ọ̀pá igi gbígbẹ tí a fi orí kan kan irin tí kò yí, tí a fi orí kejì sí etí, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ bọ́ agbádá tàbí gèlè kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ ká apá aṣọ sókè, kí ọmọdé má sì sún mọ́ ibẹ̀, nítorí bẹ́líìtì kì í bẹ̀bẹ̀ kí ó tó fa aṣọ àti ọwọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ní ẹ̀rọ tí ń lọ gbágùúdá lè fi rọ́bà kan náà yẹ ẹ̀rọ wọn wò.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo tọ bàbá arúgbó kan lọ ní àdúgbò wa, ẹni tí ó ti fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀ nítorí ìrora ẹ̀yìn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé wọ́n ní kọ́ńrọ́ọ̀dù ni. Ó gbé ọwọ́ sókè. “Èmi kò bi ọ́ ní ohun tí wọ́n wí. Ohun tí ìwọ gbọ́ ni kí o sọ fún mi. Ìgbà òtútù ni ó ń ké ni, tàbí ìgbà ooru?”

Mo ní, “Bàbá, ìgbà méjèèjì ni.”

“Bí o bá ń gun òkè ńkọ́? Ṣé ó ń wúwo sí i?”

“Rárá, sà. Bákan náà ni.”

“Iná ọ́ìlì ńkọ́?”

Mo ní kò tàn. Ó fa géèjì, ọ́ìlì pé, kò sì sí ohun tí ń dán nínú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé kọ́ńrọ́ọ̀dù tí ó ń lù kì í ṣe bákan náà ní gbogbo ìgbà. A máa hàn jù nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, nígbà tí ó bá ru ẹrù, àti nígbà tí a bá tẹ tọ́rọ́tù tí a sì fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n pa á, kí n bọ́ bẹ́líìtì kúrò, kí n sì tún tan án fún ìwọ̀n ìgbà tí a lè fi ka ogún, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pọ́ọ̀ǹpù omi kò yí. Ohùn náà yí padà. Ó fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì di ohun tí ń wá tí ń lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín. A pa ẹ́ńjìnì, ó ní kí n fi ọwọ́ mi púlì ńlá tí ó wà ní orí kiráńkì. Òrùka rẹ̀ ti òde ń jó ní ọwọ́ mi. Rọ́bà tí ó wà láàrin òrùka náà àti ọkàn rẹ̀ ti gbó tán, irin sì ń lu irin ní ìgbàkúgbà tí kiráńkì bá yí. Púlì àlòkù kan ni mo rà ní ₦12,000, mo san ₦3,000 fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá mi fi í sí i, Bàbá kò sì gba ju iṣu mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ padà sí ilé-ìwé. Ẹ́ńjìnì náà kò tíì sọ̀ kalẹ̀ títí di òní.

Èmi kò pe mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní olè. Púlì tí ó bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa dún bí kọ́ńrọ́ọ̀dù gan-an, ó sì tan ọ̀pọ̀ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jẹ. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó dá ẹjọ́ láìgbọ́ ẹlẹ́rìí. Ẹ̀bi tèmi náà sì wà níbẹ̀, nítorí ohun tí mo sọ fún un kò ju “ó ń pariwo” lọ. Kí ni aláìsàn tí ó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ó sì ní “ara mi kò yá,” tí ó sì dákẹ́, fẹ́ kí dókítà ṣe?

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sí bébà kí ẹ tó lọ: irú ohùn tí ó jẹ́, ní òtútù tàbí ní ooru, ní ìdúró tàbí ní ìrìn, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, àti iṣẹ́ tí a ṣe kẹ́yìn lára ọkọ̀ náà. Má fi èyí ìkẹyìn ṣeré, olùkàwé. Ariwo tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí a yí ọ́ìlì tàbí tí a pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì sábà máa ń jẹ́ ti ohun tí a kò dè dáadáa. Ẹ san owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, kí ó má jẹ́ pé títú ẹ́ńjìnì nìkan ni mẹkáníìkì fi lè rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Bí ó bá ní kọ́ńrọ́ọ̀dù tàbí bẹ́ríìnì kiráńkì ni, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, “Ọ̀gá, kí ni ẹ rí?” Ó lè fi géèjì wọn agbára ọ́ìlì. Ó lè tú ọ́ìlì sínú àwo mímọ́ kí ẹ jọ wo ìdí rẹ̀. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ní wáyà pọ́lọ́ọ̀gì, ó lè dá iṣẹ́ písítìnì kọ̀ọ̀kan dúró ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí a mọ èyí tí ariwo rẹ̀ yóò rọ̀. Iṣẹ́ òun ni èyí, kì í ṣe tiyín, nítorí iná inú wáyà náà lágbára, kò sì yẹ kí a dán an wò lára ọkọ̀ ìgbàlódé. Gbogbo rẹ̀ kò ná tó ìdá kékeré nínú owó títú ẹ́ńjìnì. Bí owó tí ó pè bá pọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, kí ẹ má sì sọ fún un ohun tí ti àkọ́kọ́ wí. Ohunkóhun tí a bá yọ, ẹ gba èyí tí ó ti gbó lọ́wọ́ wọn kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

Bí ẹ bá sì ní fóònù tí ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ní àárọ̀ tí ariwo náà bá wà níbẹ̀, kí ẹ gba ìṣẹ́jú méjì sílẹ̀, láti ìgbà tí ẹ bá ti tan ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ariwo ni ó máa ń ké láti ilé títí dé ẹnu ọ̀nà mẹkáníìkì, tí í sì í dákẹ́ pátápátá ní kété tí ọkùnrin náà bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.